Ìwé tí ó ti Ìmẹ̀sí-Ilé Jáde: Ọ̀rọ̀ lórí Iṣẹ́ Dókítà David Morley àti Ọ̀nà tí a fi ń Wọn Ìwúlò Ìwé



Ìbéèrè kan ni a gbé wá síwájú yín lónìí, ìbéèrè tí ó dàbí ẹni pé ti àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan ni. Òun náà nìyí: bí ẹnì kan bá ṣe ìwádìí nípa ìlera ará ìlú, tí ó kọ ọ́ sínú ìwé, tí a sì tẹ ìwé náà, báwo ni a ṣe lè mọ̀ bóyá iṣẹ́ rẹ̀ wúlò? Àwọn kan ní kí a ka iye ènìyàn tí ó dárúkọ ìwé náà. Àwọn mìíràn ní kí a wo ara àwọn ọmọ tí a tìtorí wọn kọ ọ́. Àwa gbàgbọ́ pé ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo ìyá tí ó ti gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn rí, nítorí náà ni a kò ṣe fi í sílẹ̀ fún àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan. Àpẹẹrẹ tí a ó sì fi ṣe àlàyé kò jìnnà sí wa. Láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni ó ti jáde.

ÌKÍNNÍ: KÍ NI ÌTỌ́KASÍ?

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Bíbélì Atọ́ka mọ̀ pé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹsẹ ni a kọ orúkọ ìwé mìíràn sí, pẹ̀lú orí àti ẹsẹ rẹ̀, kí òǹkàwé lè mọ ibòmíràn tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbé wà. Ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń ṣe kò yàtọ̀ púpọ̀ sí èyí. Bí ọ̀kan nínú wọn bá mú ọ̀rọ̀ láti inú iṣẹ́ ẹlòmíràn, ó di dandan kí ó sọ ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́, ìwé tí ó ti sọ ọ́, àti ọdún tí ó sọ ọ́. Èyí ni a ń pè ní ìtọ́kasí. Àwọn bàbá wa ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Wọ́n sì tún ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Bí ẹ bá pa òwe méjèèjì yìí pọ̀, ẹ ti mọ ìdí tí ìtọ́kasí fi wà.

Nígbà tí ó pẹ́, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí ka iye rẹ̀. Ní 1955, ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Eugene Garfield dá a lábàá nínú ìwé ìròyìn Science pé kí a ṣe ìwé atọ́ka kan tí yóò máa fi hàn àwọn tí ó dárúkọ iṣẹ́ kan lẹ́yìn tí iṣẹ́ náà ti jáde. Ní 1964 ni irú ìwé atọ́ka bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí jáde fún gbogbo ayé. Ní 2005, ọ̀mọ̀wé mìíràn, Jorge Hirsch, mú òṣùwọ̀n tirẹ̀ wá: bí ẹnì kan bá ní ìwé 20, tí a sì ti tọ́ka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìgbà 20 ó kéré tán, 20 ni iye tirẹ̀. Lónìí, ọ̀pọ̀ yunifásítì ni ó ń wo irú iye bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi ènìyàn jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n.

Àwa kò bú òṣùwọ̀n yìí. Ẹ rántí àwọn adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá tí Olúwa wa wò sàn. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó padà wá dúpẹ́, Olúwa sì béèrè àwọn mẹ́sàn-án yòókù. Ó dára kí a mọ iye àwọn tí ó padà wá. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí i pé bí a bá fi iye àwọn tí ó dúpẹ́ wọn iṣẹ́ ọjọ́ náà, a ó ní ẹnì kan ni a wò sàn, bẹ́ẹ̀ mẹ́wàá ni ara wọn dá. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn bí a ti ń lọ.

ÌKEJÌ: OHUN TÍ A ṢE NÍ ÌMẸ̀SÍ-ILÉ

Láàrin àwọn òkè ni Ìmẹ̀sí-Ilé wà. Ẹni tí ó mọ ìtàn ilẹ̀ wa mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí ibùdó àwọn ọmọ ogun Èkìtìparapọ̀ nígbà ogun Kírìjì, ogun tí àdéhùn àlàáfíà rẹ̀ wáyé ní 1886. Ní àádọ́rin ọdún lẹ́yìn náà, ogun mìíràn ń jà níbẹ̀ àti ní gbogbo ìlú yíká, ogun tí kò ní ariwo ìbọn. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ni ó ń pa.

David Morley ni orúkọ dókítà tí ọ̀rọ̀ wa dá lé. A bí i ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1923, ọmọ àlùfáà ni. Ní 1956 ó wá sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, tí í ṣe ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì nígbà náà, láti máa tọ́jú àwọn ọmọdé. Ohun tí ó rí níbẹ̀ kò ṣe àjèjì sí àwọn ìyá wa àgbà. A ó gbé ọmọ dé nígbà tí ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí. Bí a bá tọ́jú rẹ̀ tí ó yè, a ó gbé e padà sí ilé kan náà, sí oúnjẹ kan náà, láìpẹ́ a ó sì tún gbé e dé. Ó wá hàn sí i pé ẹni tí ó jókòó sí ilé ìwòsàn tí ó ń dúró de aláìsàn dàbí ẹni tí ń gbọ́n omi kúrò nínú ilé nígbà tí òrùlé ṣì ń jò. Nítorí náà ó gbéra lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, kí ó lè mọ bí ọmọ ti ń dàgbà kí àìsàn tó dé.

Iṣẹ́ ibẹ̀ kò ṣòro láti ròyìn, ṣùgbọ́n ó gba sùúrù láti ṣe. Bí a bá ti bí ọmọ ní ìlú náà, a ó kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà a ó máa wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n láti ìgbà dé ìgbà, títí yóò fi pé ọmọ ọdún márùn-ún. Bí ibà bá ṣe é, a ó kọ ọ́. Bí ó bá ń yàgbẹ́ gbuuru, a ó kọ ọ́. Bí èéyi bá mú un, a ó kọ ọ́. Nọ́ọ̀sì kan, Margaret Woodland, ṣe iṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, àwọn obìnrin ìlú náà sì wà nínú àwọn tí wọ́n kọ́ ní iṣẹ́ náà. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ ni wọ́n fi ojú tọ́jú báyìí, kì í ṣe fún oṣù kan tàbí méjì, bí kò ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Láti inú iṣẹ́ yìí ni káàdì kan ti jáde, èyí tí a pè ní Ọ̀nà Ìlera. Púpọ̀ nínú yín ti di irú rẹ̀ mú rí láìmọ̀ ibi tí ó ti ṣẹ̀. A kọ oṣù ọjọ́ orí ọmọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, a sì kọ ìwọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìlà méjì sì tẹ̀ gòkè láti ọwọ́ òsì lọ sí ọwọ́ ọ̀tún, bí etí ọ̀nà méjèèjì. Nígbàkúùgbà tí a bá wọn ọmọ, a ó fi àmì kan síbẹ̀, a ó sì fa ìlà láti àmì dé àmì. Ìyá tí kò mọ ìwé kà pàápàá lè wò ó kí ó sì rí i: bí ìlà bá ń gòkè, ara ọmọ ń le, bí ó bá dúró sójú kan, ewu ń bọ̀, bí ó bá ń sọ̀kalẹ̀, ewu ti dé. Dókítà Morley tẹnu mọ́ ọn pé ibi tí ìlà kọ orí sí ṣe pàtàkì ju ibi tí àmì kan ṣoṣo wà lọ. Ọmọ lè kéré, ṣùgbọ́n bí ó bá ń gòkè, kí a dúpẹ́. Ọmọ lè tóbi, ṣùgbọ́n bí ó bá ti dúró sójú kan láti oṣù mẹ́ta, kí a wádìí.

Ohun méjì mìíràn wà nípa káàdì yìí tí a fẹ́ kí ẹ gbọ́. Èkínní ni pé ọwọ́ ìyá ni ó ń gbé, kì í ṣe inú àpótí ilé ìwòsàn. Inú àpò ọ̀rá ni a ń fi í sí kí omi má ba à jẹ́. Àwọn kan bẹ̀rù pé àwọn ìyá yóò sọ ọ́ nù; àwọn ìyá sì pa á mọ́ bí ẹni pa owó mọ́. Èkejì ni pé àyè kan wà lórí rẹ̀ tí a ti ń kọ ìdí tí ọmọ kan fi nílò ìtọ́jú àrà ọ̀tọ̀: bí ó bá jẹ́ ìbejì, bí ó bá kéré púpọ̀ nígbà tí a bí i, tàbí bí ìyá rẹ̀ bá ti sin ọmọ púpọ̀ ṣáájú rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti sin ọ̀pọ̀ ṣáájú rẹ̀, orúkọ wo ni ilé ń sọ ọ́? Málọmọ́ ni, Dúrójayé ni, Kòsọ́kọ́ ni. Ilé pè é ní àbíkú, ó sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dúró. Káàdì náà kò bá ilé jiyàn. Ó kàn sọ fún nọ́ọ̀sì pé, Ẹ kọ́kọ́ wo èyí.

Nípa èéyi, ẹ̀kọ́ ńlá ni ìwé Ìmẹ̀sí-Ilé kọ́ ayé. Ní ilẹ̀ Yúróòpù ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ka èéyi sí àìsàn kékeré tí ọmọ ń ṣe kọjá. Ní ọ̀dọ̀ wa, ìyá tí ọmọ rẹ̀ kò bá tíì rí ẹ̀yìn èéyi, ẹ̀rù a máa bà á láti ka ọmọ náà mọ́ iye ọmọ. Àwọn ìlà tí ó wà lórí káàdì fi ìdí rẹ̀ hàn. Bí èéyi bá mú ọmọ tí oúnjẹ rẹ̀ kò tó, ẹnu rẹ̀ a di egbò, kò ní lè mu ọmú dáadáa, ìgbẹ́ gbuuru a tẹ̀ lé e, ìwọ̀n rẹ̀ a sì já wálẹ̀; ó sì lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí ó tó padà sí ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀. Nítorí náà ẹni tí ó ń tọ́jú èéyi gbọ́dọ̀ tọ́jú oúnjẹ ọmọ pẹ̀lú. Dókítà Morley tẹ ìròyìn yìí ní 1962. Ní ọdún kan náà ni òun àti Dókítà Samuel Katz, tí ó wá láti Amẹ́ríkà, àti Dókítà Saul Krugman tẹ ìròyìn abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi tí a fún àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e, 1963, ni a gba abẹ́rẹ́ náà wọlé fún lílò ní Amẹ́ríkà. Ẹ rí i pé àwọn ọmọ ìyá wa wà lára àwọn tí ayé fi ara wọn mọ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ náà, kí ó tó di ohun tí gbogbo ayé ń lò.

ÌKẸTA: IBI TÍ ÌWÉ NÁÀ DÉ

Ní 1961 Dókítà Morley fi Iléṣà sílẹ̀, lẹ́yìn náà ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ ìlera ọmọdé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1963 ó tẹ ìròyìn ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ní 1965 ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, TALC, tí ń ta ìwé, àwòrán àti ohun èlò ẹ̀kọ́ ní owó pọ́ọ́kú fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní ilẹ̀ tí kò lówó. Ní 1973 ó kó gbogbo ẹ̀kọ́ náà jọ sínú ìwé ńlá kan, Paediatric Priorities in the Developing World. Àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì tí kò mọ ọ̀nà Ìmẹ̀sí-Ilé ka ìwé náà, wọ́n sì ń tọ́ka sí i. Orílẹ̀-èdè púpọ̀ gba káàdì náà, olúkúlùkù sì yí i padà sí bí ó ti bá ilé rẹ̀ mu. Ní 1982, nígbà tí àjọ UNICEF kéde ohun mẹ́rin tí ó lè gba ẹ̀mí àwọn ọmọdé là, wíwọn ọmọ láti mọ bí ó ti ń dàgbà ni ó ṣáájú nínú wọn. Ní ọdún yẹn kan náà ni a fún Dókítà Morley ní ẹ̀bùn Ọba Faisal ti ilẹ̀ Saudi Arabia. Ó kú ní 2009.

Bí a bá dúró níbí, ẹ ó ní ìtọ́kasí pọ̀, oyè pọ̀, ó tó. Ṣùgbọ́n ìbéèrè wa ṣì wà nílẹ̀: àwọn ọmọ ńkọ́? Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé ẹlòmíràn béèrè rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, oníwádìí mìíràn fi Ìmẹ̀sí-Ilé wé Òkè-Ìmẹ̀sí tí ó wà nítòsí rẹ̀, níbi tí kò sí irú ilé ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Ìròyìn rẹ̀, tí a tẹ̀ ní 1978, sọ pé nínú 1,000 ọmọ tí a bí ní Òkè-Ìmẹ̀sí, nǹkan bí 91 ni ó ń kú kí wọ́n tó pé ọdún kan. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, nǹkan bí 57 ni. Nínú 1,000 àwọn tí ó ti lé ní ọdún kan tí wọn kò sì tíì pé márùn-ún, nǹkan bí 51 ni ó ń kú lọ́dọọdún ní ìlú kan, 18 ní ìlú kejì. Ìlú méjèèjì jẹ́ aládùúgbò. Òkè kan náà ni wọ́n ń wò. Àwa kò mọ ìtọ́kasí tí ó ju èyí lọ. Ọmọ tí ó yè ni ó tọ́ka sí ìwé náà.

ÌKẸRIN: OHUN TÍ KÍKÀ KÒ LÈ RÍ

Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni a wá sọ, a kì yóò sì fi ìyìn bo àléébù mọ́lẹ̀. Nígbà tí káàdì náà tàn ká ayé, ní ibi púpọ̀, wíwọ̀n nìkan ni a mú, a fi ìtọ́jú sílẹ̀. A ó gbé ọmọ lé òṣùwọ̀n, a ó fi àmì sórí káàdì, a ó ní kí ìyá máa lọ, ẹnìkan kò sì ní bá a sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ. Ìlà ń sọ̀kalẹ̀, gbogbo ènìyàn ń wò ó, kò sì sí ẹni tí ó ṣe nǹkan kan. Àwọn tí ó tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò lẹ́yìn náà sọ pé ẹ̀rí kò tó pé wíwọ̀n nìkan ń gba ẹ̀mí là. Òtítọ́ ni wọ́n sọ. Òṣùwọ̀n kì í bọ́ ọmọ. Ohun tí ó gba ọmọ là ní Ìmẹ̀sí-Ilé ni òṣùwọ̀n pẹ̀lú nọ́ọ̀sì tí ó jókòó ti ìyá, pẹ̀lú oògùn, pẹ̀lú abẹ́rẹ́, pẹ̀lú ìmọ̀ràn lórí ẹ̀wà àti ẹyin nínú ẹ̀kọ ọmọ.

Ǹjẹ́ ẹ kò rí i pé ọ̀ràn ìtọ́kasí rí bákan náà? Iye ìtọ́kasí jẹ́ àmì lórí káàdì ọ̀mọ̀wé. Ó lè fi hàn wá bóyá iṣẹ́ rẹ̀ ń gòkè tàbí ó dúró sójú kan. Ṣùgbọ́n a lè tọ́ka sí ìwé láti sọ pé irọ́ ni. A lè tọ́ka sí i láìkà á. Ọ̀rẹ́ sì lè tọ́ka sí ọ̀rẹ́ kí iye lè pọ̀. Ẹni tí ń ka iye nìkan dàbí nọ́ọ̀sì tí ó ń wọn ọmọ tí kò wo ojú ọmọ. Ẹni tí kò sì ka nǹkan kan rárá dàbí ìyá tí ó ju káàdì nù, tí kò ní mọ̀ pé ọmọ ń rù títí yóò fi rù tán.

Ohun kan sì tún kù tí kíkà kò rí. Àwọn ìyá Ìmẹ̀sí-Ilé gbé ọmọ wá ní àárọ̀ kùtùkùtù, wọ́n fi oko sílẹ̀, wọ́n fi ọjà sílẹ̀. Àwọn ni wọ́n sọ ọjọ́ tí ibà bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí ọmọ kọ ọmú. Láìsí ẹ̀rí ẹnu wọn, àmì kan kì bá tí sí lórí káàdì náà. Orúkọ wọn kò sí nínú ìwé atọ́ka kankan. A kò sọ èyí láti fi bú dókítà náà, nítorí òun ni ó gbé orúkọ ìlú wọn dé ibi tí ẹsẹ̀ wọn kò lè dé. A sọ ọ́ kí ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń lọ sí yunifásítì, tí ẹ ó ṣe ìwádìí lọ́la, lè mọ̀ pé gbèsè wà lọ́rùn yín. Bí ẹ bá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ìyá arúgbó kan, ẹ padà lọ sọ fún un ohun tí ẹ rí. Kí ó má jẹ́ pé ọ̀mọ̀wé ẹgbẹ́ yín nìkan ni ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

ÌPARÍ: OHUN TÍ Ó KÀN WÁ

Ẹ̀yin ará, èéyi kò tíì kúrò ní ilẹ̀ yìí. Ó ń pa àwọn ọmọ tí a kò fún ní abẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀ ni abẹ́rẹ́ tí a dán wò lára àwọn ọmọ wa ní ìgbà àwọn ìyá wa àgbà ti wà fún wa. Ìtìjú ni yóò jẹ́ bí ìwé tí ó ti ilé wa jáde bá wúlò fún gbogbo ayé tán, tí kò wá wúlò fún ilé tí ó ti jáde.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá, ẹ pa káàdì ọmọ yín mọ́. Bí a bá wọn ọmọ tán tí ẹnikẹ́ni kò bá yín sọ nǹkan, ẹ béèrè pé, Ṣé ìlà ń gòkè? Ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹ̀yin bàbá, ẹ kọ́ bí a ti ń ka káàdì náà, nítorí owó ẹyin àti owó ẹ̀wà wà lápò yín. Ẹ̀yin olórí ìjọ, ẹ jẹ́ kí ìwé ìrìbọmi àti ìwé ìsìnkú wa pé, kí ọjọ́ ìbí, ọjọ́ ikú àti ohun tí ó fà á lè wà nínú rẹ̀. Bí a bá sin ọmọ mẹ́ta láàrin oṣù kan, kí ẹnìkan nínú wa dìde béèrè ìdí, kí a má kàn sọ pé Ọlọ́run ni ó mọ̀. Wòlíì Hábákúkù gba àṣẹ pé kí ó kọ ìran rẹ̀ kí ó hàn ketekete. Ohun tí a kò bá kọ, àwọn tí ń bọ̀ kò ní rí i kà.

Dókítà náà ti lọ. Àwọn ìyá tí ó kọ́kọ́ gbé ọmọ wá fún un, púpọ̀ nínú wọn ti lọ. Ìwé ṣì wà. Òṣùwọ̀n ṣì ń bẹ ní ilé ìtọ́jú àdúgbò. Ọmọ tí a ó gbé lé e ni ó kù, àti ẹni tí yóò wo ojú rẹ̀.

Kí Olúwa tí ó gbé àwọn ọmọdé sí apá rẹ̀ pa àwọn ọmọ wa mọ́. Àmín.